Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Iyè Inú Yín Kó Máa Bá Yín Ṣiṣẹ́

Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ti ṣe láti àárọ̀ ni ẹ ò ronú sí rárá. Ẹ fọ eyín, ẹ wọ bàtà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ọkàn yín sì wà níbòmíràn. Tí wọ́n bá bi yín pé ẹsẹ̀ wo lẹ kọ́kọ́ kì bọ bàtà, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2002, Wendy Wood, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti ní kí àwọn èèyàn máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rò sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 43 nínú gbogbo ohun 100 tí wọ́n ṣe ló jẹ́ ohun tí wọ́n sábà ń ṣe lójoojúmọ́, níbì kan náà; bí wọ́n sì ti ń ṣe é, ọkàn wọn sábà máa ń wà lórí nǹkan mìíràn. Apá ọkàn tó ń bá wa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìbi wá léèrè ni mo ń pè ní iyè inú níbí. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun tí iyè inú ń ṣe fún wa

Ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2% ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 20% agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi ló ń gbà. Ìrònú tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe kì í yára, ó máa ń rẹni, kò sì lè gbé ju ohun díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyè inú ló ń gba ẹrù yìí lórí wa. Bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò jókòó máa pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ojú rí ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ sì dé. Ìyẹn ni ẹ fi ráyè rò ó bóyá ẹ gba ohun tí mò ń sọ tàbí ẹ ò gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àǹfààní yìí ti tó, kó wo àwọn tó ní àrùn Parkinson. Àrùn náà máa ń dí iṣẹ́ basal ganglia lọ́wọ́, ìyẹn àkójọ sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nínú ọpọlọ, tó sì wà lára ibi tí ohun tó ti mọ́ni lára ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbọ́dọ̀ máa ronú sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ gbé. Tí ẹnìkan bá bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ìrìn náà lè dúró. Ìrìn lásán, tí àwa yòókù kì í kà sí iṣẹ́, ló wá di ohun tó ń gba gbogbo ọkàn wọn.

Ohun tí iyè inú ń ṣe nígbà wàhálà ni èmi tilẹ̀ kà sí jù. Tó bá rẹni, tí ìbànújẹ́ bá dé, tí iṣẹ́ bá wọ̀ni lọ́rùn, agbára láti ronú jinlẹ̀ máa ń dín kù, ohun tó ti mọ́ni lára ni ara sì máa ń sá padà sí. Ẹni tí ìdárayá ti mọ́ lára lè bára rẹ̀ lójú ọ̀nà ìdárayá lọ́jọ́ tí kò ní ìfẹ́ sí ohunkóhun. Ẹni tó jẹ́ pé sìgá ló mọ́ ọn lára, sìgá náà ni ọwọ́ rẹ̀ máa lọ bá. Nítorí náà, ìgbà tí ara ṣì dẹ̀ ni kí a ti ṣètò ohun tí a fẹ́ bá lọ́jọ́ ìṣòro.

Bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá tó ń dà á láàmú. Wọ́n yọ apá kan kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀, láti ìgbà náà kò sì lè fi ohun tuntun sọ́kàn mọ́. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ tún di àlejò lójú rẹ̀ lọ́sàn-án. Brenda Milner, onímọ̀ ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, wá ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀ kan, inú dígí nìkan ni yóò sì ti máa rí ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà le fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àṣìṣe Molaison ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun mọ̀.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé ó kan ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà dá ara wọn lágara. Wọ́n á pinnu, wọ́n á búra, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà fún ara wọn láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ rere kò burú, ó lè fún èèyàn ní ìgboyà láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ ni iyè inú ń gbọ́. Ohun tí a bá ṣe léraléra, níbì kan náà, lẹ́yìn ohun kan náà, ló ń kọ́, ì báà dára, ì báà burú, bóyá a fẹ́ kó kọ́ ọ tàbí a ò fẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ohun kan ṣoṣo

Ohun kan ni mo wí. Ohun tó yẹ ká fi lé iyè inú lọ́wọ́ ni èyí tó máa ń wáyé lemọ́lemọ́, tí ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é kì í yí padà: lílo oògùn, ìdárayá, fífi kọ́kọ́rọ́ síbi kan náà, kíkọ ìnáwó ọjọ́ sílẹ̀, ìwé kíkà kí a tó sùn. Ohun tó ń fẹ́ àròjinlẹ̀ tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi lé e lọ́wọ́. Ìpinnu lórí owó ńlá wà nínú rẹ̀. Títẹ́tí sí ẹni tó wà nínú ìṣòro náà wà nínú rẹ̀. Bí “pẹ̀lẹ́” bá ti di ohun tí ẹnu kàn ń sọ, ẹni tí à ń sọ ọ́ fún máa ń mọ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ mú sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíì fi lè fojú rí i bí ẹ bá ṣe é. “Mo fẹ́ ní ìlera” kò ṣeé fojú rí. “Màá rìn fún ìṣẹ́jú 10” ṣeé rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ohun tí ẹ máa so ó mọ́

Ibi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ àṣà tuntun ti ń kú nìyí.

Ann Graybiel, onímọ̀ ọpọlọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ eku nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ láti rin ọ̀nà kan tó pín sí méjì kó tó rí oúnjẹ. Nígbà tí eku ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú basal ganglia ń ta kìjí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin. Nígbà tó mọ ọ̀nà náà tán, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni wọ́n ti ń ta kìjí jù, àárín dákẹ́. Ọpọlọ ti di gbogbo ìrìn náà pọ̀ sí ẹrù kan ṣoṣo. Tí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dé, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a tọ́jú. Àṣà tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kan pàtó, ojoojúmọ́ la óò máa fi ìpinnu tuntun tì í. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Jámánì, ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí irú ìpinnu kan tó rọrùn púpọ̀: “Tí báyìí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe báyìí.” Àwọn tó ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú un ṣẹ ju àwọn tó kàn ní ohun kan lọ́kàn lọ, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń pè wọ́n sí iṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa so ó mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ láìkùnà, tó sì ní ìparí tó hàn. “Láàárọ̀” kò tó, àárọ̀ gùn. “Tí mo bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kalẹ̀” dára. “Tí mo bá ti jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́” dára. “Nígbà tí mo bá ráyè” burú jù, torí àyè kì í dédé yọ. Ẹ tún wò ó bóyá ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti ń wáyé bá iṣẹ́ tuntun mu. Tí oògùn yín bá wà ní yàrá, tó sì jẹ́ pé ilé ìdáná lẹ so ó mọ́, àárín ọ̀nà lẹ máa ti gbàgbé rẹ̀. (Oògùn tí dókítà bá ti dá àkókò fún, ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ tó bọ́ sí àkókò náà, ẹ má yí àkókò padà nítorí àṣà.)

Àwọn kan á ní ṣé aago fóònù kò ní ṣe é? Ó lè ràn yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé aago ló ń pè yín títí lọ, aago ni iyè inú ń kọ́. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, àṣà kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ kọ gbólóhùn yín sílẹ̀ báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù: “Tí mo bá ti … tán, màá …”

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gé e kéré, kí ẹ sì tún ibẹ̀ ṣe

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ gé iṣẹ́ náà títí tí ẹ fi lè ṣe é lọ́jọ́ tí ara yín kò yá: ojú ìwé kan, ìlà kan nínú ìwé ìnáwó, bàtà ìrìn tí ẹ wọ̀ tí ẹ sì jáde dé ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, ó dára, ṣùgbọ́n kékeré yẹn ni kí ẹ kà sí iṣẹ́ òòjọ́. Ohun tí à ń kọ́ iyè inú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni bíbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa pọ̀ tó lè dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí ẹ nílò sún mọ́ ojú àti ọwọ́. Ìwé wà lórí ìrọ̀rí, bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ́ńsù wà lórí ìwé ìnáwó. Ohunkóhun tó bá máa gba kí ẹ kọ́kọ́ wá a, kí ẹ kọ́kọ́ ṣí i, kí ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan kúrò lórí rẹ̀, àwáwí ni yóò dà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣe é, ẹ tún un ṣe, ẹ má ka ọjọ́ 21

Ọ̀rọ̀ pé ọjọ́ 21 ni àṣà fi ń múlẹ̀ ti tàn kálẹ̀ débi pé àwọn èèyàn ń sọ ọ́ bí òfin. Ibi tó ti wá ni Maxwell Maltz, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún ojú ṣe, tó kọ ní ọdún 1960 pé ó kéré tán ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ àwọn tí òun tọ́jú lára. Ọ̀rọ̀ nípa àṣà kọ́ ni, “ó kéré tán” tó sọ náà sì ti sọnù lójú ọ̀nà.

Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wò ó dáadáa. Èèyàn 96 ló kópa. Kálukú mú ohun kan tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín kí àṣà tó múlẹ̀. Ẹni tó yára jù lo ọjọ́ 18, ìṣirò wọn sì fi hàn pé ó lè tó ọjọ́ 254 fún ẹni tó pẹ́ jù. Ohun tó rọrùn bíi omi mímu máa ń tètè múlẹ̀, ìdárayá máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ kó tu ọ̀pọ̀ èèyàn nínú: ẹni tó fo ọjọ́ kan kò pàdánù ohun tó ti kọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ má bá ara yín jà. Ẹ sáà rí i pé ẹ ṣe é lọ́jọ́ kejì.

Ẹ fi àmì sí kàlẹ́ńdà lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é, lójú ẹsẹ̀. Iyè inú kì í dúró de èrè ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó bá dùn mọ́ ọn nísinsìnyí ló ń mú un padà wá. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ mú kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ládùn: ẹni tó fẹ́ràn ìtàn lè máa gbọ́ ìtàn nígbà tó bá ń rìn, kó má sì gbọ́ ọ nígbà mìíràn.

Tó bá jẹ́ ìmọ̀ ọwọ́ lẹ̀ ń kọ́, bíi títẹ kọ̀ǹpútà tàbí lílu ohun èlò orin, ẹ má fi oorun tọrẹ. Nínú ìwádìí kan tí Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002, àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tẹ nọ́ńbà ní ìtòtẹ̀léra kan yára sí i ní nǹkan bí 20% lẹ́yìn tí wọ́n sùn mọ́jú, láìtún fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àṣà tí ẹ fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀

Iyè inú tó ń bá wa ṣe rere náà ló ń tọ́jú bárakú. Ẹni tó bá rò pé agbára inú nìkan lòun fi máa ṣẹ́gun rẹ̀ ń gbé ogun lọ síbi tí ogun kò sí. Ní 2011, David Neal, Wendy Wood àti àwọn mìíràn fún àwọn tó wá wo sinimá ní gúgúrú. Àwọn kan rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látorí iná, àwọn kan rí èyí tó ti pé ọjọ́ 7. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa jẹ gúgúrú nílé sinimá jẹ èyí tó ti pẹ́ tó èyí tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé kò dùn. Nígbà tí wọ́n fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìpàdé, wọn ò jẹ ẹ́ báyẹn. Nígbà tí wọ́n sì ní kí àwọn tó wà ní sinimá fi ọwọ́ tí wọn kì í sábà lò jẹ ẹ́, wọ́n dín èyí tó ti pẹ́ kù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ ló ń mú wọn jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni. Tí ibẹ̀ bá yí padà, tàbí tí ọwọ́ kò bá lè ṣe é bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ọkàn á jí, ìpinnu á sì tún padà sọ́wọ́ wa.

Lee Robins, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, rí irú rẹ̀ lọ́nà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó padà láti Vietnam ní 1971. Nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ni heroin, oògùn olóró kan, ti di bárakú fún lọ́hùn-ún. Lára àwọn yẹn, nǹkan bí 5 nínú 100 péré ló tún di bárakú fún láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sílé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fa èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ibi tí gbogbo nǹkan ti ń rán wọn létí rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má gbìyànjú láti jáwọ́. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá ṣẹlẹ̀: ibo ni mo wà, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, ta ló wà pẹ̀lú mi, báwo ni inú mi ṣe rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi parí, ohun tó ń pè é á hàn. Lẹ́yìn náà:

- Ẹ mú ohun tó ń pè é kúrò, tàbí kí ẹ yẹra fún ibẹ̀. Tí fóònù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló ń gba oorun yín, kó sun yàrá mìíràn.
- Tí kò bá ṣeé mú kúrò, ẹ mú kí ìṣe náà le. Tó bá jẹ́ ètò orí fóònù (app) ló ti di bárakú, ẹ yọ ọ́ kúrò kó lè jẹ́ pé ẹ máa tún un gbé wọlé nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó.
- Ẹ fi ohun mìíràn sí ipò rẹ̀, èyí tó ń pèsè ohun kan náà. Ẹni tó ń mu sìgá torí kó lè jáde síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìjáde yẹn gan-an ló nílò. Kó máa jáde láìmú sìgá dání.
- Tí ẹ bá fẹ́ kó lọ sílé tuntun tàbí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ẹ fi ìyípadà yín sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Àṣà àtijọ́ kò tíì mọ ilé náà.

Ọtí àti oògùn olóró yàtọ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, torí gìrì lè mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tó bá ti múlẹ̀

Ẹ máa mọ̀ pé ó ti múlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣe é tán kí ẹ tó rántí pé ẹ fẹ́ ṣe é, tàbí tí ara yín kò bá balẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò ṣe é. Nígbà náà, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Sian Beilock, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé tí àwọn tó mọ golf gbá dáadáa bá ń ṣọ́ bí ọwọ́ àwọn ṣe ń lọ, wọn kì í gbá a dáadáa mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ṣíṣọ́ yẹn gan-an ló ń ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, kí ẹ yé ṣọ́ ọ nígbà tó bá ti mọ́ yín lára.

Àmọ́ gúgúrú ọjọ́ 7 yẹn kan àṣà rere pẹ̀lú. Iyè inú kì í béèrè bóyá ohun tó ń ṣe ṣì wúlò. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ gbólóhùn yẹn sí jáde, kí ẹ wò ó bóyá ìdí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ṣì wà. Tí ìdí náà bá ti lọ, ẹ ṣe é bí a ti wí ní ìgbésẹ̀ karùn-ún. Tó bá ṣì wà, ẹ mú ohun kejì tó wà lọ́kàn yín, kí ẹ so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìparí ti àkọ́kọ́: “Tí mo bá ti kọ ìnáwó òní tán, màá ka ojú ìwé kan.”